Láti Ìbàdí Sókè, Òkìríkà Ti Tó

Láti ìgbà tí a ti ń gun kẹ̀kẹ́ kiri Ìbàdàn, ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá jù kì í ṣe nípa kẹ̀kẹ́ rárá. Nípa aṣọ ni. "Ṣé dandan ni kí n ra irú ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ra yẹn kí n tó lè bá yín jáde?" Kí a tó lanu, èkejì ti tẹ̀ lé e: "Èló tiẹ̀ ni?" Tí a bá fi èkejì ṣáájú, ẹlòmíì kì í dúró gbọ́ ìdáhùn àkọ́kọ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi owó bẹ̀rẹ̀ náà, nítorí owó ló ń dá èèyàn dúró. Ṣòkòtò kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá bíi Rapha ti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Assos ti Switzerland lè ju 200 pọ́n-ùn lọ. Bí a bá fi 2,000 náírà ṣírò pọ́n-ùn kan, 400,000 náírà nìyẹn. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Òṣìṣẹ́ tó ń gba iye yẹn yóò ṣiṣẹ́ ju oṣù márùn-ún lọ, kò ní jẹun, kò ní wọ mọ́tò, kó tó lè ra ṣòkòtò tí kò dé orúnkún. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba 20,000 náírà lóṣù lọ́wọ́ NELFUND fún ìtọ́jú ara ńkọ́? Ogún oṣù. Ìdajì ìwé ọlọ́dún mẹ́rin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ nìyẹn, lórí ṣòkòtò.

Púpọ̀ nínú wa kò sì gun kẹ̀kẹ́ nítorí fàájì. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, owó ọkọ̀ gun òkè, ó sì jókòó síbẹ̀. Ẹni tó ń gbé níta ọgbà, tó ń wọ míkírà lọ, tó ń wọ̀ ọ́ bọ̀ lójoojúmọ́, mọ ohun tí à ń sọ. Kẹ̀kẹ́ àlòkù la rà, tí ẹlòmíì fi owó àjọ ra tirẹ̀, kí a lè máa dé kíláàsì láìsan owó fún ẹnikẹ́ni. Fún irú ìrìn yẹn, ìdáhùn wa kò gùn: má ra aṣọ kankan. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ. Ṣòkòtò tí o fẹ́ wọ̀ jókòó ní kíláàsì ni kí o wọ̀, kí o ká ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sókè kí ṣéènì má baà gbé e jẹ, ó parí. Àwọn bàbá àgbà wa fi bùbá àti ṣòkòtò gun Raleigh lọ oko, wọ́n sì gbé iṣu bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni ọ̀rọ̀ ń yí padà. Lọ́jọ́ náà, a máa ń jáde ní aago mẹ́fà àárọ̀, kí oòrùn àti àwọn ọkọ̀ elérù tó gba títì. A óò gba Mọ́níyà, a óò kọjá Akínyẹlé àti Fídítì, a óò já sí Ìlọrà, a óò sì wọ Ọ̀yọ́. Nǹkan bí 50 kìlómítà ni àlọ nìkan. A óò jẹ àmàlà níbẹ̀, a óò sì gun un padà. Ní wákàtí àkọ́kọ́, gbogbo ṣòkòtò ni ọ̀gá. Ní wákàtí kẹta ni ìjókòó kẹ̀kẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, nítorí ojú máa ń ti àwọn èèyàn láti sọ ọ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń jìyà. Eegun méjì tó wà nísàlẹ̀ ìdí ló ń gbé ìwúwo ara lórí ìjókòó. Awọ ara tó wà láàrin eegun yẹn àti ìjókòó dà bí ata láàrin ọlọ àti ọmọ ọlọ. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá ń yí ní ìgbà 70 ní ìṣẹ́jú kan, wákàtí mẹ́ta yóò mú un dé ìgbà 12,600. Ojú rírán ṣòkòtò jíǹsì tí o kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí o ti rà á, fi í sí abẹ́ ara rẹ kí o wá lọ̀ ọ́ ní ìgbà 12,600, pẹ̀lú òógùn. Ara á kọ́kọ́ pọ́n, á bó, ìdọ̀tí á wọ inú rẹ̀, á di éèwo. Ọ̀kan nínú wa tó fi jíǹsì lọ sí Ọ̀yọ́ ní ọdún àkọ́kọ́ fi ìdí kan ṣoṣo jókòó ní kíláàsì fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, ó ń sọ fún gbogbo èèyàn pé ẹ̀yìn ló ń dun òun. Ìdánwò kékeré kan kọjá lórí rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, torí ó wà nílé ìwòsàn tí wọ́n ń tẹ ohun tó wà nínú éèwo náà jáde. Nítorí náà, tí a bá sọ pé ṣòkòtò ṣe pàtàkì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ afẹ́ là ń sọ.

Tìmùtìmù tó wà lábẹ́ ṣòkòtò kẹ̀kẹ́ ni ó ń gba èèyàn lọ́wọ́ gbogbo eléyìí. Láyé àtijọ́, awọ ẹran orí òkè kan tí wọ́n ń pè ní chamois ni wọ́n ń rán síbẹ̀, nínú ṣòkòtò onírun àgùntàn. Awọ náà á gan bó bá ti gbẹ, wọn á sì fi ìpara rẹ̀ ẹ́ kó tó tún ṣeé wọ̀. Lycra, aṣọ tó ń fà bíi rọ́bà, kò dáyé títí di 1958, nígbà tí Joseph Shivers ṣe é ní ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà. Fóòmù ló wà níbẹ̀ lónìí, orúkọ ẹran nìkan ló kù. Ohun tó sì máa ń ya ẹni tuntun lẹ́nu jù ni pé wọn kì í wọ pátá sábẹ́ rẹ̀. Torí kí ojú rírán má baà wà níbẹ̀ ni wọ́n ṣe rán ṣòkòtò náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wọ pátá ti dá ojú rírán padà fúnra rẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín tẹ́ ẹ bá fẹ́, àmọ́ ẹ rántí.

Ibi tí owó ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń gbé ní Leeds fi ṣòkòtò kẹ̀kẹ́ méjì ránṣẹ́ sí wa. Ọ̀kan jẹ́ ti ilé iṣẹ́ olówó ńlá, ó rà á, kò bá a mu. Èkejì wá láti Decathlon, ilé ìtajà àwọn Faransé, níbi tó ti san nǹkan bí 30 pọ́n-ùn. Àwa náà fi ẹ̀kẹta kún un, èyí tí a rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì níhìn-ín ní 9,000 náírà, tí kò ní orúkọ kankan lára. Àwọn méjì nínú wa tí ìwọ̀n wọn dọ́gba wọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí Ọ̀yọ́ ní Sátidé mẹ́ta. Wọ́n ń fọ̀ wọ́n, wọ́n ń pààrọ̀ wọn, àwa tó kù sì ń bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ tí a kò lè kọ síbí.

Nínú yàrá, kí ẹnikẹ́ni tó gun kẹ̀kẹ́, ti 9,000 náírà ló gba ipò kìíní. Tìmùtìmù rẹ̀ nípọn, ó rọ̀ bíi búrẹ́dì gbígbóná. Ti olówó ńlá le, ó fẹ́lẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní wọ́n ti rẹ́ ẹ̀gbọ́n wa jẹ. Kí wọ́n tó dé Fídítì, ẹjọ́ ti yí. Fóòmù tó rọ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ lábẹ́ eegun, ó ti mu òógùn yó bíi kànìnkànìn, ojú rírán kan sì gba ibi tí kò yẹ kó gbà kọjá. Ti olówó ńlá kò rọ̀ torí pé kò yẹ kó rọ̀: iṣẹ́ rẹ̀ ni láti má ṣe tẹ́ lábẹ́ ìwúwo. Ohun mìíràn tún wà tí a ò retí. Bí ẹni tó wọ ti 9,000 bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti sáré, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á ní kó bọ́ sẹ́yìn, torí aṣọ náà fẹ́lẹ́ débi pé ó ń fi ìdí olówó rẹ̀ hàn lójú títì.

Ṣùgbọ́n láàrin ti 30 pọ́n-ùn àti ti 200 pọ́n-ùn, kò sí ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì tó lè sọ ìyàtọ̀ títí wọ́n fi dé Ọ̀yọ́. Ìgbà tí à ń bọ̀, ní wákàtí kẹrin sí ìkarùn-ún, ni ti olówó ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara rẹ̀ hàn: rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gé itan, okùn èjìká rẹ̀ kò fà, ó sì gbẹ kíá lẹ́yìn òjò. Ó dára. A ò ní purọ́ pé kò dára. Ṣùgbọ́n 9,000 sí 60,000 náírà jẹ́ ìyàtọ̀ láàrin egbò àti àlàáfíà. 60,000 sí 400,000 jẹ́ ìyàtọ̀ láàrin ìtura àti ìtura tó fi díẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀, díẹ̀ yẹn lè tó owó rẹ̀. Àwa tí à ń jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tí a tún ń sọ̀kalẹ̀ ra ọsàn lójú ọ̀nà, kò tó o.

Ìfọṣọ tún ń dá ọjọ́ ikú ṣòkòtò ju orúkọ ilé iṣẹ́ lọ. Ẹ fi ọwọ́ fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an tí ẹ bá dé, bó ti wù kó rẹ̀ yín tó, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó, kẹ́ ẹ sì sá a síbi ìbòòji. Oòrùn ọ̀sán ilẹ̀ wa máa ń pa rọ́bà inú aṣọ. A mọ̀ pé omi kì í sábà sí ní hósítẹ́ẹ̀lì ní alẹ́ Sátidé. Ẹ pọn ọ́n sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó jáde. Ìpara pàtàkì tí àwọn òyìnbó ń tà fún itan ńkọ́? Òrí ni a ń lò, èyí táwọn ìyá wa fi ń pa wá lára nígbà ọyẹ́. A kò tíì rí ohun tó dára jù ú lọ ní iye tí wọ́n ń tà á.

Ó kù ti ìbàdí sókè, ibẹ̀ sì rọrùn. Jẹ́sì kẹ̀kẹ́ kò ní iṣẹ́ púpọ̀: kó gba òógùn, kó gbẹ, kó ní àpò mẹ́ta lẹ́yìn fún fóònù, owó àti gúgúrú. Lọ́jà òkìríkà, irú bíi Kàtángúà ní Èkó, a máa ń rí i nínú bélì aṣọ, tí orúkọ ilé ìfowópamọ́ tàbí ilé ìpara-wàrà ìlú Ítálì kan tí a ò dé rí wà láyà rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ń polówó dókítà eyín kan ní Bẹ́ljíọ̀mù láti ọdún méjì, láìgba kọ́bọ̀. (Bẹ́ẹ̀ ni, aṣọ àlòkù wà lára ohun tí àṣẹ àwọn aṣọ́bodè kò gbà kó wọlé, bó ṣe ń gba Kùtọnú dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ bi àwọn tó mọ̀.) Jẹ́sì àlòkù, ẹ rà á, ẹ sè é, ẹ wọ̀ ọ́. Ṣòkòtò àlòkù, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Rọ́bà rẹ̀ ti kú, ẹ kò sì mọ ẹni tó jókòó sínú rẹ̀.

Ìdajì ohun tó kù nílé ìtajà àwọn olówó ńlá, òtútù ni wọ́n ṣe é fún. Kí la fẹ́ fi ìbọ̀sẹ̀ apá àti ẹ̀wù onírun ṣe ní Ìbàdàn? Aṣọ òjò olówó iyebíye pàápàá, òógùn tó ń jáde lára wa nínú rẹ̀ á rẹ wá kí òjò tó rí wa. Ti aṣọ tó ń gé atẹ́gùn jẹ́ òótọ́: bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára atẹ́gùn tó dojú kọ ọ́ á di ìlọ́po mẹ́rin, nítorí náà ẹni tó ń sá eré ìdíje ń jèrè lára aṣọ tó lẹ̀ mọ́ra dáadáa. Láti 2013 sí 2016, Rapha ló ń dá aṣọ fún ẹgbẹ́ Team Sky, ọdún mẹ́ta nínú mẹ́rin yẹn sì ni Chris Froome, tí wọ́n bí ní Nairobi, gba Tour de France. Ṣùgbọ́n Froome kì í dúró fún màlúù ní Mọ́níyà. Nígbà tí Biniam Girmay ọmọ Eritrea gba ipele mẹ́ta àti jẹ́sì aláwọ̀ ewé ní Tour 2024, ariwo wa gba gbogbo hósítẹ́ẹ̀lì. Lọ́jọ́ kejì, èèyàn mẹ́ta wá bi wá níbi tí wọ́n ti ń ta irú jẹ́sì yẹn. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó béèrè bí wọ́n ṣe ń gun òkè.

Àwọn obìnrin inú wa ní kí a má gbàgbé tiwọn. Eegun ìjókòó wọn máa ń fẹjú ju ti ọkùnrin lọ, tìmùtìmù tí wọ́n gé fún ọkùnrin sì lè fa ìnira fún wọn. Nítorí náà, "ó bá mi mu ní ìbàdí" kò tíì tó. Okùn èjìká tí àwọn ọkùnrin ń yìn, ọ̀ràn ńlá ni fún ẹni tó fẹ́ tọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ní ti ojú àwọn èèyàn, ìyá oníṣu kan ní Akínyẹlé bi wá pé ṣé ilé la gbàgbé ṣòkòtò sí ni. Láti ọjọ́ náà ni púpọ̀ nínú wa, ọkùnrin àti obìnrin, ti ń wọ síkẹ́ẹ̀tì tàbí ṣòkòtò gbọọrọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e lórí. Eré wa kò dínkù, ìyá náà sì ń kí wa báyìí.

Ní sáà tó kọjá, ẹnì kan gbé àbá wá sí ìpàdé pé kí gbogbo wa dá jẹ́sì kan náà, kí orúkọ ẹgbẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, 35,000 náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹnu àwọn tó fara mọ́ ọn dùn. Wọ́n ní àwọn awakọ̀ á tètè rí wa, wọn á mọ̀ pé ẹgbẹ́ ni wá, wọ́n sì rán wa létí pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àwọn tó kọ̀ ní aṣọ ẹbí ti ba ayẹyẹ jẹ́ tó, kó má tún wá ba kẹ̀kẹ́ jẹ́. Àbúrò wa kan tó wà ní ọdún kejì kò sọ nǹkan kan. Òun ló ń gun òkè jù nínú wa, lórí kẹ̀kẹ́ tí ìjánu ẹ̀yìn rẹ̀ kì í mú dáadáa, nínú pólò Yellow House tó fi sáré nílé ẹ̀kọ́ girama. Lálẹ́ ọjọ́ náà ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé òun á sinmi díẹ̀ ná, torí ìwé. Gbogbo wa mọ ohun tí "màá sinmi díẹ̀" máa ń jẹ́.

Àbá náà ṣubú nígbà tí a dìbò, mẹ́sàn-án sí mẹ́rin. Láti inú owó tó wà nínú àpò ẹgbẹ́, a ra ẹ̀wù alámọ̀nà, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe títì máa ń wọ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún gbogbo wa. Kò tó 3,000 náírà lórí ẹnì kan, awakọ̀ sì ń rí i láti ọ̀nà jíjìn ju jẹ́sì lọ. Ìyókù owó náà la fi ra okùn ìjánu tuntun fún kẹ̀kẹ́ mẹ́rin. Àwọn mẹ́rin tó pàdánù ìbò náà dá jẹ́sì tiwọn lówó ara wọn, ó sì wù wá, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Àbúrò wa padà ní Sátidé kejì, nínú pólò rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ nípa ìpàdé, àwa náà ò bi í. Lẹ́yìn Akínyẹlé, a ò rí i mọ́ títí a fi dé Fídítì, níbi tó ti jókòó tó ń bó ọsàn.

Ṣòkòtò gidi ni kò tíì ní. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn mẹ́ta mìíràn. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa ti Leeds béèrè ohun tí òun á mú bọ̀ ní Kérésìmesì, a ti kọ̀wé sí i: ṣòkòtò mẹ́rin, tuntun, méjì ti obìnrin, ìwọ̀n kékeré kan, ti àárín mẹ́ta, kí ọ̀kankan má kọjá 40 pọ́n-ùn. Kó má fi jẹ́sì kún un. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n yòókù tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé ọ̀kan lára rẹ̀ kúrò lọ́rùn rẹ̀, ẹ kọ̀wé sí wa kẹ́ ẹ tó rà á, ká má baà rí mẹ́jọ tó jẹ́ ìwọ̀n ọkùnrin sísanra.